Píkọ́ọ̀pù fún ẹni tí ẹ̀yìn ń ro: àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù

Dísìkì mi, ìyẹn nǹkan tó wà láàárín egungun ẹ̀yìn, yẹ̀ níbi ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, mo sì ṣì ń fi píkọ́ọ̀pù kó oúnjẹ adìyẹ láti Ìbàdàn lọ sí Ìsẹ́yìn, ìyẹn ni gbogbo èèyàn ṣe ń bi mí ní ìbéèrè kan náà lójoojúmọ́. Mo kó o jọ síbí. Èmi kì í ṣe dókítà o, mi ò sì í ta mọ́tò.

Ẹ̀yìn ń ro mí, ṣé ó tiẹ̀ yẹ kí n ra píkọ́ọ̀pù rárá?

Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ló fà á, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ rà á. Tó bá jẹ́ pé bó ṣe ga lójú títì ló wù yín, ẹ ra jíìpù jàre. Highlander tàbí RAV4 máa gbé yín débi tí ẹ ń lọ, ẹ̀yìn yín ò sì ní mọ̀ pé ẹ jáde.

Àmọ́ àgbẹ̀, bírìkìlà, ẹni tó ń ta símẹ́ńtì, ẹni tó ń gbé jẹnẹrétọ̀ kiri, kò sí bó ṣe fẹ́ ṣe é tí kò ní lo píkọ́ọ̀pù. Ọ̀rọ̀ wá di èwo ló máa nà án níwọ̀nba, torí píkọ́ọ̀pù tí kì í na èèyàn rárá, mi ò tíì rí i.

Kí ló dé tó fi máa ń na ẹ̀yìn ju Camry lọ?

Ẹrù ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é. Hilux lè gbé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan, sípíríǹgì ẹ̀yìn ẹ̀ jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn, àwẹ́ lórí àwẹ́, wọ́n le débi pé tí kò bá sí nǹkan lẹ́yìn ọkọ̀ wọn kì í fẹ́ tẹ̀. Táyà bọ́ sínú gálọ́ọ̀pù, sípíríǹgì tó yẹ kó gbà á mọ́ra á jù ú sókè, ìdí yín lá á wá gbà á. Ẹni tó bá ti jókòó nínú Hilux òfìfo láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ mọ nǹkan tí mò ń sọ.

Èkejì ni pé ọ̀pá irin kan ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Tí tọ̀tún bá gun òkúta, tòsì náà á mọ̀ ọ́n lára, ọkọ̀ á wá máa ju èèyàn sọ́tùn-ún sósì. Lójú tèmi ìyẹn gan-an ló ń pa ìbàdí, ó burú ju fífò sókè lọ.

Ó tún ku ọ̀kan tí àwọn èèyàn kì í kà sí. Ara èèyàn tó jókòó ní ìwọ̀n tó máa ń bá nǹkan gbọ̀n, ó wà láàárín ẹ̀ẹ̀mẹ́rin sí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ọkọ̀ bá wá ń mì jìgìjìgì ní ìwọ̀n yẹn lórí títì tí ọ̀dà ẹ̀ ti ṣí, egungun ẹ̀yìn á máa bá a jó, kò dìgbà tí ẹ bá bọ́ sí kòtò ńlá. Wọ́n tiẹ̀ ṣòfin lé e lórí ní Yúróòpù ní 2002, pé ó níye gbígbọ̀n tó gbọ́dọ̀ kan ẹni tó ń wa ọkọ̀ tàbí ẹ̀rọ jẹun lójúmọ́. Nílẹ̀ wa ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ìjókòó àti sípíríǹgì, èwo ni kí n kọ́kọ́ wò?

Ìjókòó. Sọ́ọ́kì ṣeé pààrọ̀, táyà ṣeé pààrọ̀, sípíríǹgì náà ṣeé pààrọ̀ tówó bá wà. Àmọ́ ìjókòó tó lọ sílẹ̀ jù, tí ẹsẹ̀ nà gbọọrọ síwájú bí ẹni tó jókòó sórí ẹní, kò rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti bá yín gbé e sókè kó má ba nǹkan míì jẹ́.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ìjókòó kan bá mi mu?

Ẹ jókòó kí ìdí yín wọlé tán, kó kan ẹ̀yìn ìjókòó. Ẹ wá wo orúnkún yín. Tó bá ti ga ju ìbàdí lọ, ìjókòó yẹn ti lọ sílẹ̀ jù, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn yín máa tẹ̀ bí ọrun, ibẹ̀ gan-an ni dísìkì ti máa ń ti síta. Kí ìka méjì sí mẹ́ta lè wọ àárín etí ìjókòó àti kọ̀rọ̀ orúnkún. Ìjókòó tó bá kúrú jù, tí kò dé ìdajì itan, ẹsẹ̀ ló máa ru gbogbo ẹ̀, kò dáa fún ọ̀nà jíjìn.

Ẹ̀yìn ìjókòó, ẹ dá a sẹ́yìn díẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ dúró gbọnrangandan bíi bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má sì dá a sẹ́yìn bíi tàwọn ọmọ tó ń wa mọ́tò bí ẹni tó fẹ́ sùn. Láàárín 100 sí 110 dígírì ni àwọn tó mọ̀ máa ń sọ. Ẹ wá wo ibi kòtò ẹ̀yìn, lókè ìgbànú: ṣé ìjókòó yẹn wú díẹ̀ níbẹ̀? Ṣé ó ní bọ́tìnnì tó ń tì í síwájú? Tó bá ní, ẹ ti jèrè.

Sítíárì náà wà níbẹ̀. Èjìká yín gbọ́dọ̀ ṣì máa kan ìjókòó nígbà tọ́wọ́ yín bá dì í mú. Àwọn Hilux Vigo tí mo wà, òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan ni sítíárì wọn ń lọ, kì í wá síwájú, kẹ́ni tó gùn tó jìnnà sẹ́yìn ó wá máa na ọwọ́ wá a. Èyí tó jáde láti 2015 ni mo ti rí èyí tó ń ṣe méjèèjì.

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó ṣe gbogbo ìyẹn, ẹ yọ wọ́lẹ́ẹ̀tì kúrò lápò ẹ̀yìn. Ẹni tó bá fi ìdí kan jókòó lé wọ́lẹ́ẹ̀tì ti wọ́ ìbàdí ara ẹ̀ kó tó tanná sí mọ́tò.

Báwo ló ṣe yẹ kí n fi pẹ́ tó nígbà tí mo bá ń dán an wò?

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó kéré tán. Àwọn tó ń ta mọ́tò kò ní fẹ́, wọ́n á ní epo ò sí nínú ẹ̀, ẹ ra epo sí i.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fi yí i ká síbi tí wọ́n ti ń tà á, ìjókòó ẹ̀ rọ̀ bíi búrẹ́dì gbígbóná, mo sanwó. Ọjọ́ kejì mo kó ẹrù sí i, mo gba Mọ́níyà, kí n tó kọjá Ìjàyè ẹsẹ̀ òsì mi ti kú, bí ẹni pé èèrà ń tò lọ nínú ẹ̀ láti ìdí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Mo páàkì síwájú ìyá kan tó ń ta iṣu, mo di ara ọkọ̀ mú, mi ò lè nàró. Ìyá yẹn gbé àpótí fún mi, mo ní rárá Màmá, jíjókòó ló fà á. Ìjókòó tó bá rọ̀ jù máa ń tàn èèyàn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ ló ń dùn, tí fóòmù bá ti tẹ́ tán irin lẹ máa bá nísàlẹ̀.

Ẹ gbé e gba ọ̀nà tí kò dáa, kẹ́ ẹ sì rọra lọ, torí ìrìn 20 sí 30 kílómítà ní wákàtí ni ìnira ẹ̀ máa ń hàn. Lórí títì Èkó sí Ìbàdàn tí ọ̀dà ti tẹ́jú, gbogbo ọkọ̀ ló dùn ún wà.

Gbogbo èèyàn ní kí n ra Hilux, kí lẹ rí sí i?

Hilux kì í tètè kú, páàtì ẹ̀ wà káàkiri, mẹkáníìkì abúlé mọ̀ ọ́n. Mo gbà. Èmi náà ní i báyìí. Ṣùgbọ́n ohun tí wọn kì í sọ ni pé ẹrù ló ń mú un balẹ̀. Tí mo bá to àpò oúnjẹ adìyẹ 16 sí i, ìyẹn 400 kílò torí 25 kílò ni àpò kan, ó máa ń rìn bí ọlọ́lá. Tí mo bá já ẹrù tán tí mo ń bọ̀ lófìfo, ẹ̀yìn ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ta pọ́ún pọ́ún bíi bọ́ọ̀lù.

Nítorí náà ẹ bi ara yín: nínú ìrìn mẹ́wàá, mélòó ni ẹ máa ń kó ẹrù? Tó bá tó mẹ́fà tàbí méje, Hilux. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lẹ ń kó nǹkan, tó kù jẹ́ ilé sí ọ́fíìsì, ẹ máa fi ẹ̀yìn yín san án.

Tacoma tòkunbọ̀ ńkọ́?

Ẹ̀rọ ẹ̀ dáa, ìjókòó ẹ̀ ni ìjà. Èyí tí wọ́n ṣe láti 2005 dé 2015 àti èyí tó tẹ̀ lé e dé 2023, pátákó ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ga, ìjókòó sì lọ sílẹ̀, ẹsẹ̀ á wá nà síwájú gbọọrọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìjókòó dírẹ́bà ò ṣeé gbé sókè. Ẹni kúkúrú lè má rí i bíi wàhálà, ẹni tó gùn máa rí i.

Ní 2020 Toyota fi ìjókòó oníná sí i fún dírẹ́bà, ó ń lọ sókè ó ń wá sílẹ̀, ó ní ti kòtò ẹ̀yìn náà. Láti ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní SR5 sókè ni ẹ ti máa rí i, SR lásán ò ní. Tówó yín bá ká 2020, ìyàtọ̀ owó yẹn tó san. Èyí tó jáde ní 2024 tiẹ̀ ti bọ́ sípíríǹgì pẹlẹbẹ sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ẹ̀, ó lo èyí tó lọ́ roboto bíi ti káà lẹ́yìn, àmọ́ owó ẹ̀, háà.

Èwo ló wá rọ̀ jù nínú gbogbo wọn?

Honda Ridgeline, mi ò ní ṣe àyípo ọ̀rọ̀. Abẹ́ ẹ̀ bíi ti káà ni, táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ń dá rìn láyè ara ẹ̀, kò sí ọ̀pá tó so wọ́n pọ̀ tí á máa ju èèyàn. Wọ́n ṣe ti àkọ́kọ́ láti 2006 dé 2014, ti ìkejì bẹ̀rẹ̀ ní 2017. Ẹ̀gbọ́n mi kan tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún lẹ́yìn ló gbé mi nínú tiẹ̀ láti Ìbàdàn dé Abẹ́òkúta, nígbà tá a dé mo sọ̀ kalẹ̀ mo nàró lẹ́ẹ̀kan náà, ó ya èmi fúnra mi lẹ́nu.

Gẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ẹ̀ wà tí ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ó ń ṣí wálẹ̀ bíi ti gbogbo píkọ́ọ̀pù, ó tún ń ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ilẹ̀kùn. Ẹni tí ẹ̀yìn ń ro mọ ìtumọ̀ ìyẹn: ẹ lè sún mọ́ ẹrù yín tímọ́tímọ́, kò sí pé ẹ̀ ń dojú bolẹ̀ lórí gẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó fa àpò jáde.

Àléébù ẹ̀? Nǹkan bí 700 kílò ló lè gbé, kò tó ti Hilux. Táyà ìpààrọ̀ ẹ̀ wà nínú àpótí abẹ́ ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí, tí táyà bá fọ́ nígbà tí ẹrù kún, ẹ máa já ẹrù kẹ́ ẹ tó rí i. Mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n ò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ Honda Pilot máa rí ọ̀pọ̀ nǹkan tó bára mu níbẹ̀. Àwọn ẹlẹ́rù á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé kì í ṣe píkọ́ọ̀pù gidi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín, àwọn kọ́ ló máa bá yín gba abẹ́rẹ́.

Àwọn ńlá ńlá wọ̀nyẹn ńkọ́, Tundra, F-150, Ram?

Gígùn wọn ń ṣe wọ́n lóore. Láti táyà iwájú dé tẹ̀yìn, F-150 onílẹ̀kùn mẹ́rin sábà máa ń tó mítà mẹ́ta àti ààbọ̀ sókè, Hilux lé díẹ̀ ní mítà mẹ́ta. Bí ọkọ̀ bá ṣe gùn tó ni kì í fi í tẹrí ba kó tún gbórí sókè lórí bọ́ǹpù, àyè ìjókòó náà gbòòrò. Ram 1500 ló rọ̀ jù nínú wọn, torí láti 2009 ni wọ́n ti ń fi sípíríǹgì roboto sẹ́yìn ẹ̀. Tundra ṣe irú ẹ̀ ní 2022, èyí tó ṣáájú ìyẹn pẹlẹbẹ ni.

Fún àwọn ará wa tó wà ní Houston tàbí Dallas, Ram ni mo máa ń sọ. Fún ẹni tó wà nílé, ẹ rò ó dáadáa: epo, ibi ìgbọ́kọ̀sí, àti pé ó ga, gígùn ún lójoojúmọ́ náà iṣẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n kan ra Tundra, kò rí i gbé wọ inú ọgbà ara ẹ̀ ní Mọ́kọ́lá, ó ń páàkì síta ó ń fẹsẹ̀ rìn wọlé. Ó ní ìrìn yẹn ṣe ẹ̀yìn òun láǹfààní ṣá.

Ṣé ọ̀kan náà ni Navara àti Frontier?

Rárá o. Nissan ni méjèèjì, àmọ́ Navara onílẹ̀kùn mẹ́rin tó jáde láti 2014, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni wọ́n ti ń tà á pẹ̀lú sípíríǹgì roboto lẹ́yìn. Frontier tó ń ti Amẹ́ríkà wá, pẹlẹbẹ ni, ṣùgbọ́n èyí tó jáde ní 2022 ní ìjókòó iwájú tó dáa gan-an.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ń tà á gbọ́. Ẹ wo abẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, tẹ́ ẹ bá rí irin pẹlẹbẹ tó tẹ̀ bí ọrun ẹ ti mọ̀. Ẹ ní kí ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ wò ó o, kì í ṣe ẹ̀yin.

Jíà ọlọ́wọ́ àbí ọ́tò?

Ọ́tò. Kílọ́ọ̀ṣì píkọ́ọ̀pù le, ẹsẹ̀ òsì ló ń tẹ̀ ẹ́, nínú gosiló ẹ lè tẹ̀ ẹ́ nígbà tí kò lóǹkà kẹ́ ẹ tó jáde ní Ọ̀jọ́ta. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ òsì ni ìrora yín máa ń sọ̀ sí, ẹ má tiẹ̀ dán an wò.

Mo ní dírẹ́bà, ibo ló yẹ kí n jókòó sí?

Iwájú. Mo mọ̀ pé ọ̀gá kì í jókòó síwájú, mo mọ̀ pé ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún ni ipò yín, àmọ́ ìjókòó ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù kì í ṣe ti Prado. Ó dúró gangan, kì í sábà ṣeé dá sẹ́yìn, kò sí àtìlẹ́yìn kankan níbi kòtò ẹ̀yìn, ó sì sún mọ́ táyà ẹ̀yìn tó ń fò. Nínú Hilux òfìfo, ẹni tó wà lẹ́yìn ló ń jẹ ìyà jù. Bàbá kan tí mo mọ̀ kọ̀ jálẹ̀, ó ní kí wọ́n má lọ rò pé òun ni dírẹ́bà, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà òun fúnra ẹ̀ ló ń sọ fún dírẹ́bà pé kó ṣí iwájú.

Wíwà ò ṣe mí ní nǹkan, gígùn ún àti sísọ̀ kalẹ̀ ló ń pa mí.

Ẹ má fi ẹsẹ̀ kan gùn ún kẹ́ ẹ máa lọ́ ìbàdí wọlé. Ẹ kẹ̀yìn sí ìjókòó, ẹ fi ìdí jókòó sí etí ẹ̀, ẹ wá yí ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé pọ̀ bí ẹni pé wọ́n so wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni sísọ̀ kalẹ̀: ẹsẹ̀ méjèèjì síta, ẹ di ọwọ́ mú, ẹ rọra sọ̀. Ẹ má bẹ́ o. Bíbẹ́ látorí Hilux sí orí kọnkéré, ẹ̀yìn ló máa gbọ́ ọ.

Ẹ bá wẹ́dà sọ̀rọ̀ kó ṣe àtẹ̀gùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kó fi irin tó nípọn ṣe é kó má máa tẹ̀. Ẹ wo inú náà: ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù ní ìdìmú lára òpó iwájú níbi tẹni tí kì í wa ọkọ̀ ń jókòó sí, tí dírẹ́bà ò sì ní. Ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó rà á. Tí ẹnì kan bá sì ní kẹ́ ẹ jẹ́ kóun gbé ọkọ̀ sókè sí i kó lè rí bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ lé e.

Táyà wo ló dáa fún ẹ̀yìn?

Táyà tó nípọn, èyí tí wọ́n kọ LT àti 10-ply sí lára, ẹrù àti òkúta ni wọ́n ṣe é fún, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ le bíi pákó. Tẹ́ ẹ kì í bá kó ẹrù wúwo, táyà lásán tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ga máa ràn yín lọ́wọ́ ju sọ́ọ́kì olówó ńlá lọ. Ẹ sá fún rímù ńlá tó ń dán tí táyà ẹ̀ tín-ín-rín bíi rọ́bà ìgò.

Atẹ́gùn wá ni ọ̀rọ̀ gidi. Fọkanáísà máa ń fún un dé 45, 50, ó ní kó má bàa jẹ epo. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, ẹ wo ìwé kékeré tó lẹ̀ mọ́ òpó, iye atẹ́gùn wà níbẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra, torí tó bá ti rìn tó gbóná iye yẹn ti lọ sókè. Ẹ ra géèjì tiyín. Èmi wọ̀n tèmi lọ́jọ́ kan, 52 ni mo bá lẹ́yìn méjèèjì, mo dá a padà síbi tí ìwé sọ, ó dà bí ẹni pé wọ́n pààrọ̀ ọkọ̀ fún mi.

Wọ́n ní kí n gbé àpò iyanrìn sẹ́yìn kó lè balẹ̀, ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́. Àpò mẹ́rin sí mẹ́fà tí ìkọ̀ọ̀kan ẹ̀ jẹ́ 25 kílò, ẹ tò wọ́n sí àárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, kì í ṣe sẹ́nu gẹ́ẹ̀tì, ẹ sì dè wọ́n mọ́lẹ̀ kó má di pé ẹ tẹ bíréèkì wọ́n bá yín nílé. Epo máa lọ díẹ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí ọmọ gbé e sí i, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó ẹrù kí wọ́n kó o kúrò, iyanrìn àti ẹrù pọ̀ lè ju agbára ọkọ̀ lọ.

Mẹkáníìkì ní ká yọ àwẹ́ kan kúrò nínú sípíríǹgì, kó lè rọ̀. Kí lẹ rò?

Mo ti rí i níbi tó ti rọ̀, mo tún ti rí i níbi tí ẹ̀yìn ọkọ̀ ti wọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé símẹ́ńtì sí i. Àwẹ́ kọ̀ọ̀kan nípa tó ń kó nínú iye tó lè gbé, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, iye yẹn ti dín, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ fún gbogbo ẹni tó bá yá a lọ́wọ́ yín. Ìyẹn nìkan kọ́. Ọ̀pọ̀ Hilux ní nǹkan kan lábẹ́ ẹ̀yìn tó ń wo bí ọkọ̀ ṣe ga tó kó tó pinnu bíréèkì tó máa fún táyà ẹ̀yìn. Tẹ́ ẹ bá yí gíga ọkọ̀ padà tí ẹnikẹ́ni ò tún nǹkan yẹn ṣe, ọ̀rọ̀ bíréèkì ti dé nìyẹn.

Kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ ní kó yẹ bọ́ọ̀ṣì sípíríǹgì, ìyẹn rọ́bà tó wà létí ẹ̀, wò, ó máa ń gbẹ ó sì máa ń já. Ẹ ní kó fọ àárín àwọn àwẹ́ yẹn, ìpẹtà tó wà níbẹ̀ ni kì í jẹ́ kí wọ́n yọ̀ lórí ara wọn. Ẹ wá pààrọ̀ sọ́ọ́kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tó bá ṣì le lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ń ta odidi sípíríǹgì tí wọ́n ṣe fún ẹrù fúyẹ́, bíi ti Old Man Emu láti Ọsirélíà, ó wọ́n, àmọ́ wọ́n ń sọ iye ẹrù tí wọ́n ṣe é fún, kò sí àbá.

Pílò àti bẹ́líìtì ẹ̀yìn ńkọ́?

Táwẹ́ẹ̀lì kékeré tẹ́ ẹ ká, kó tó bí ọwọ́ ọmọdé ní nínípọn, ẹ fi síbi kòtò ẹ̀yìn. Mo ti ra pílò oríṣiríṣi, táwẹ́ẹ̀lì ni mo padà sí. Pílò tó nípọn jù máa ń ti èèyàn síwájú, èjìká á kúrò lára ìjókòó.

Bẹ́líìtì, ẹ lò ó nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé nǹkan tàbí lọ́jọ́ tó bá le. Ẹ má so ó mọ́ra látàárọ̀ dalẹ́, kí iṣan ẹ̀yìn yín má lọ di ọ̀lẹ.

Fóòmù ìjókòó tòkunbọ̀ tí mo rà ti tẹ́, ṣé kí n pààrọ̀ odidi ìjókòó?

Ó sinmi lórí nǹkan tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ kí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀, àwọn wáyà kan wà níbẹ̀ tó gbé fóòmù dúró, tó bá ti já, fóòmù tuntun náà máa rì ni. Ẹ tún wáyà yẹn ṣe ná. Ẹ wá sọ fún ẹni tó ń rán ìjókòó pé fóòmù tó le lẹ fẹ́ nísàlẹ̀, kó fi èyí tó rọ̀ díẹ̀ lé e lórí. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ kó ṣe é bó ṣe wù ú, fóòmù tó rọ̀ jù ló máa fi sí i torí ìyẹn làwọn oníbàárà ń yìn. Ẹ jókòó lórí ẹ̀ kí wọ́n tó rán awọ pa. Ìjókòó tí bàágì afẹ́fẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ńkọ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n nìkan ni kó fọwọ́ kàn án.

Mo ti ṣe gbogbo ẹ̀, ẹsẹ̀ mi ṣì ń kú. Ṣé ọkọ̀ ni àbí èmi?

Tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, tẹ́ ẹ rìn fún bíi ogún ìṣẹ́jú tó sì lọ, ó jọ pé ọkọ̀ àti ìjókòó ló ń dá kún un. Ẹ máa dúró ní wákàtí kan sí méjì, ẹ sọ̀, ẹ rìn yí ọkọ̀ ká. Tí kò bá lọ, tó ń jí yín lóru, ẹ lọ rí dókítà àti àwọn tó ń ṣe físíò. Ìgbóbì wà l'Ékòó, UCH wà n'Íbàdàn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn máa fi róòbù ra yín lẹ́yìn.

Àwọn kan wà tí kò ní sùúrù nínú o. Tí ẹsẹ̀ bá dédé rọ, tí ojú ara tàbí àárín itan bá kú bí ẹni pé wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, tí ìtọ̀ kò bá jáde tàbí tó ń jáde fúnra ẹ̀, tí ìgbẹ́ ò ṣeé mú mọ́ra, ọsibítù lọ́jọ́ yẹn gan-an, lóru pàápàá. Ẹ má wa ọkọ̀ fúnra yín lọ.

Mo ti ra èyí tí kò bá mi mu, mi ò sì lówó láti pààrọ̀ ẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí nǹkan tí kò ná yín ní kọ́bọ̀: atẹ́gùn táyà, wọ́lẹ́ẹ̀tì, bí ẹ ṣe ń gùn ún, táwẹ́ẹ̀lì. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ó wá kan fóòmù ìjókòó, lẹ́yìn ẹ̀ bọ́ọ̀ṣì àti sọ́ọ́kì. Táyà, ẹ dúró dìgbà tí èyí tó wà níbẹ̀ bá jẹ tán. Sípíríǹgì ló gbẹ̀yìn torí òun ló wọ́n jù. Ẹ má ṣe gbogbo ẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Tó bá ṣì ń na yín lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tà á fún àgbẹ̀ tí ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, kẹ́ ẹ sì sọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń tà á fún un. Kò ní gbà yín gbọ́.